Ohun Tí Àgbá Fi Odi Ṣe

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ pé jọ sí Ọ̀yọ́ níbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfaradà ooru. Ìbọn àgbá nínú ogun àtijọ́ ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Inú mi dùn sí i, nítorí pé Ọ̀yọ́ tí a wà yìí wà lára àwọn ìlú Yorùbá tí wọ́n ti yin àgbá lù rí. Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni. Kápútẹ́ẹ̀nì Bower, Àjẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, ló yìn ín. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ló wà lórí ìtẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà bá ṣẹlẹ̀, àlàyé méjì ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní ẹ̀rù ló ba àwọn baba wa. Àwọn kan á ní oògùn òyìnbó ló ju tiwa lọ. N kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tó dé bá Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà ti dé bá ìlú tí odi rẹ̀ ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, kò sì sẹ́ni tó pe àwọn ará ibẹ̀ ní ojo. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀, ká tó padà wálé.

Ṣùgbọ́n kí a tó lọ, ẹ rántí ohun tí odi jẹ́ fún wa. Láyé ogun, ìlú tó bá fẹ́ sùn kó jí, odi ló fi ń yí ara rẹ̀ ká: amọ̀ tí wọ́n mọ ga, yàrà jíjìn níwájú rẹ̀, igbó ẹlẹ́gùn-ún, àti ẹnubodè tí oníbodè ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Ọ̀yọ́ Ilé ní odi, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ogbómọ̀ṣọ́, ará ilé wa lápá àríwá, ní tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń tú ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn ká nílẹ̀ Ọ̀yọ́, Ogbómọ̀ṣọ́ kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, àìmọye ará ìlú tó fọ́ ló sì sá wọ ibẹ̀ tí wọ́n di ọmọ ibẹ̀ títí dòní. Ẹṣin kò lè fo yàrà tó jìn. Ọfà kò lè gba inú amọ̀ kọjá. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn baba wa wá ń lò lẹ́yìn náà, bó bá ti ju nǹkan bí 100 mítà lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́, inú ògiri sì ni ọta rẹ̀ ń há sí.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ebi ni wọ́n sábà fi ń ṣẹ́gun ìlú. Ìbàdàn dó ti Ìjàyè ní 1860, ó di 1862 kí Ìjàyè tó fọ́. Ogun Kírìjí, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú kúrò ní bùdó. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí bùdó níbẹ̀ ní 1885, wọ́n sin ín, ogun ń bá a lọ. Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ta ni yóò wo irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ tí yóò pè wọ́n ní ojo?

Ìlú tí mo ní ká kọ́kọ́ dé ni Constantinople, tí wọ́n ń pè ní Istanbul lónìí. Láti ọ̀rúndún karùn-ún ni odi tó kọjú sí ilẹ̀ níbẹ̀ ti wà, òkúta àti bíríkì, odi méjì tó tẹ̀ léra, yàrà sì wà níwájú. Fún ẹgbẹ̀rún ọdún, kò sí ọmọ ogun tó gba ọ̀nà ilẹ̀ wá tó rí i fọ́.

Ní 1453, Mehmed Kejì, Sultan àwọn Tọ́kì, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, kó ogun tì í. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ fi ọkàn sí ibi tí mo ń lọ yìí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Orban, ọmọ Hungary, tó mọ bí a ti ń yọ́ idẹ, tí a sì ń dà á di àgbá. Ọ̀dọ̀ ọba Constantinople ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọba kò rí owó san fún un. Orban bá kọjá sọ́dọ̀ Mehmed. Owó tí kò sí lápò ọba yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà, nítorí pé ọkùnrin tí ì bá gba ìlú là ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn rí.

Mehmed fún un ní gbogbo ohun tó béèrè. Orban da àgbá kan ní ìlú Edirne tó gùn tó nǹkan bí mítà 8. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ rìbìtì ni ọta rẹ̀, ìwúwo ọta kan ṣoṣo sì ju 500 kílò lọ, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá. Màlúù 60 ló fà á, ọ̀nà tó lé ní 200 kílómítà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lọ níwájú tí wọ́n ń tẹ́ afárá, tí wọ́n ń dí kòtò. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú odi, kò lè yìn ju nǹkan bí ẹ̀ẹ̀meje lọ lójúmọ́. Bó bá yìn tán, idẹ á gbóná, wọ́n á dúró kó tutù, kó má baà sán mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á tún nu inú rẹ̀, wọ́n á rọ ẹ̀tù, wọ́n á ki í mọ́lẹ̀, wọ́n á wá yí òkúta sínú rẹ̀.

Àwọn tó wà nínú odi kò káwọ́ lérí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé á jáde, wọ́n á fi igi, àgbá onípákó tí wọ́n rọ erùpẹ̀ kún, àti ẹrù koríko dí ibi tó wó. Wọ́n rí i pé erùpẹ̀ rírọ̀ ń gba ọta mì ju òkúta líle lọ, torí pé òkúta á fọ́, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ á gbé ọta náà mì. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń jà nínú odi kò ju nǹkan bí 7,000 lọ, kì í sì í ṣe àgbá Orban nìkan ló ń lù wọ́n. Àwọn àgbá kéékèèké pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń lu ojú kan náà láìsinmi. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ni ìsàgatì bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ìlú bọ́.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù keje, àwọn Faransé tẹ́ àgbá sínú bùdó wọn ní Castillon, Talbot, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, sì sáré kó ogun lọ bá wọn níbẹ̀. Ó kú síbẹ̀, ogun tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń bá ara wọn jà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sì parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn mọlémọlé ilẹ̀ Yúróòpù dẹ́kun kíkọ́ odi gíga. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ odi kúkurú tó nípọn, wọ́n rọ erùpẹ̀ sí i nínú, igun rẹ̀ sì yọ ṣóńṣó síta, kí àwọn tó wà lórí rẹ̀ lè rí ẹsẹ̀ odi láti ìhà gbogbo.

Lórí pápá, tí odi kò sí, ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Iṣẹ́ àgbá ni Napoleon, tó di ọba àwọn Faransé, kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ológun, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n lò tó. Ní Waterloo, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1815, ó tẹ́ nǹkan bí àgbá 80 síwájú àwọn ọmọ ogun Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọta àgbá kì í bú. Irin lásán ni. Ibi tó bá balẹ̀ sí, ṣe ni yóò ta sókè, á tún balẹ̀, á tún ta sókè, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kàn lọ́nà ló ń gé. Lórí ẹrẹ̀, kò lè ta. Ibi tó bọ́ sí ló ń rì sí. Napoleon dúró kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀, nítorí pé àwọn ẹṣin kò lè fa àgbá nínú ẹrẹ̀. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀. Wellington náà kò sùn lọ: ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tí ojú àwọn tó ń yin àgbá kò lè dé. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, àwọn ará Prussia, tí wọ́n ń gbèjà Wellington, dé láti ẹ̀gbẹ́, Napoleon kò sì rí àwọn wákàtí tó fi dúró de ilẹ̀ gbà padà.

Ìyípadà kan tún wà tí mi ò fẹ́ fò, nítorí pé àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà á. Títí di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gbogbo ìgbà tí àgbá bá yìn ló ń ta padà sẹ́yìn tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ tì í padà sáyè rẹ̀, kí wọ́n tún fojú sun ibi tí wọ́n fẹ́ lù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1897, àwọn Faransé ṣe àgbá kan tí ihò ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 75, tí òróró àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gba ìtapadà náà. Ẹnu ìbọn nìkan ló ń sún sẹ́yìn tó sì ń padà, kẹ̀kẹ́ kò mira. Àwọn tó mọ iṣẹ́ lè yin ín ní ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti ibẹ̀ ni a ti dé Somme nílẹ̀ Faransé ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko yin ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan ọta lu àwọn Jámánì. Ọ̀pọ̀ ọta náà kò bú, wáyà ẹlẹ́gùn-ún kò gé, àwọn Jámánì sì wà nínú ihò jíjìn lábẹ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jáde láti kọlù wọ́n, 57,470 nínú wọn ló kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó sọnù, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ariwo àgbá kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti ṣe.

Ó wá yá, ẹ jẹ́ ká padà wálé. Kí ló dé tí Ọ̀yọ́, tó fi ẹṣin jọba lórí ilẹ̀ tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, kò fi ní àgbá? Kì í ṣe pé a kò mọ irin rọ, kì í sì í ṣe pé a kò mọ idẹ dà. Ìwúwo ni. Àgbá tí Napoleon ń lò tó tóbi, idẹ rẹ̀ nìkan tó nǹkan bí 900 kílò, láìka kẹ̀kẹ́, láìka ọta, láìka ẹ̀tù. Ẹṣin ló ń fà á. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ti ń sún mọ́ igbó, eṣinṣin tsetse ń pa ẹṣin àti màlúù, ọ̀nà sì jẹ́ ipa ẹsẹ̀ tí èèyàn kan ń tẹ̀ lé èkejì lórí rẹ̀. Orí alárùú la fi ń gbé ẹrù. Títí dé ogun Bọ́mà ní 1944, orí ni àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣì fi ru ẹrù ogun gba inú igbó Arakan. Ẹ bi àwọn àgbà tí baba wọn lọ sí Bọ́mà.

Etíkun yàtọ̀, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ń gbé àgbá dé ẹnu ọ̀nà. Ọba Kòsọ́kọ́ ní àgbá ní Èkó, àwọn èèyàn rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n yìn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ wá ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, wọ́n lé wọn padà. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni wọ́n tún dé, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer. Teazer gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, àgbá Kòsọ́kọ́ sì dojú kọ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté láti lọ kan ìṣó dí ihò tí iná ń gbà wọ àgbá náà, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ọjọ́ kejì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kó iná bá ibi tí ẹ̀tù wà, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí jó, Kòsọ́kọ́ gba ọ̀nà omi lọ. Agídìngbì ni àwọn ará Èkó ń pe ìjà náà títí dòní. Ẹ kò rí ibì kankan nínú rẹ̀ tí Èkó ti ṣojo.

Ní 1892, ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, ó kan Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Àwọn Ìjẹ̀bú dúró létí odò Yemoji, wọ́n sì dúró gírígírí, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim, tó ń yìn láìdúró, ń da ọta jáde bí ẹni da ẹ̀wà, àgbá sì ń lù wọ́n láti òkèèrè. Ọ̀gágun Scott wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ìròyìn náà sáré ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Nígbà tí Góminà Carter yóò fi dé Ọ̀yọ́ ní oṣù kejì ọdún 1893, gbogbo ààfin ilẹ̀ Yorùbá ló ti gbọ́. Aláàfin tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Àmọ́ ìwé tí èèyàn tọwọ́ bọ̀ kò ní kó gbàgbé pé òun ni Aláàfin. Bower ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ bọ́ sọ́wọ́ òun. Ìjìyà kan tí wọ́n fi jẹ ọkùnrin kan lápá Òkè Ògùn ló sì fa wàhálà náà. Adéyẹmí kò yára tẹrí ba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Bower yin àgbá.

Ẹ fojú inú wo Ọ̀yọ́ ìgbà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọdún Bẹẹrẹ mọ irú koríko tí wọ́n fi ń bo ààfin. Ògiri amọ̀ kì í jó, òrùlé bẹẹrẹ ló ń jó. Oṣù kọkànlá, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, koríko orí ilé ti ń gbẹ. Agbo ilé wa sì so kọ́ra, òrùlé kan ń fara kan èkejì, láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé dé ibi tí àwọn ìyàwó ń gbé. Ọta kan tó bá bú lórí òrùlé kan, ilé kan kọ́ ni yóò dá jó. Odi tí wọ́n fi yí ìlú ká kò lè ṣe nǹkan kan sí i, torí pé orí odi ni ọta ń gbà kọjá. Àwọn ilé jóná, iná sì kan ààfin.

Àgbá kékeré kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ilẹ̀ olókè àti ilẹ̀ tí kò ní ọ̀nà, tí wọ́n sì ń gbé kiri nínú àwọn ogun wọn ní Áfíríkà. Ìbọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 91 kílò lọ. Wọ́n lè tú u, kí àwọn kan gbé ìbọn, kí àwọn kan gbé kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì tò ó pọ̀ bí wọ́n bá dé. Ọta rẹ̀ tó kílò 3, ó sì lè dé ibi tó lé ní kílómítà 2. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣakabùlà. Akọni tó bá fẹ́ fi ṣakabùlà bá irú àgbá bẹ́ẹ̀ jà ní láti rìn ju kílómítà kan àti ààbọ̀ lọ lábẹ́ ọta, kí tirẹ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀yọ́ nìyẹn. Ìṣòro tí ìwúwo ti fi dí ọ̀nà fún wa láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wá ojútùú rẹ̀ nílé iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó wá.

Nígbà tí mo dákẹ́, ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ béèrè pé, ṣé kò wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀ kankan tó lo àgbá tó sì borí? Ó wà, mà. Etiópíà ni, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ọba Tewodros kó àwọn míṣọ́nnárì tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ jọ sí Gafat, ó ní kí wọ́n da àgbá fún òun. Wọ́n da ọ̀kan tó wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 7, ó pè é ní Sebastopol. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi ọwọ́ ara wọn fà á gun òkè Magdala. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1868, àgbá náà kò gba ọba sílẹ̀. Orí òkè náà ni àgbá ọ̀hún wà títí dòní.

Menelik, tó di ọba Etiópíà lẹ́yìn náà, kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ra ìbọn àti àgbá kéékèèké tó ń yára yìn, tó ṣeé gbé gun òkè. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1896, kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí Bower yin àgbá lu Ọ̀yọ́, àwọn Ítálì kó ogun dé Adwa pẹ̀lú àgbá 56. Òru ni wọ́n rìn, àwòrán ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn kò sì péye. Orúkọ òkè kan ṣì wọ́n lọ́nà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Albertone, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun wọn, sì rìn kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ó dá wà níwájú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn Etiópíà kọ́kọ́ ya bò, wọ́n ń yìn ín láti orí òkè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mú àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àgbá 56 náà ni àwọn Ítálì fi sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní Addis Ababa pé Etiópíà kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni.